Àmín tí Mùsílímátù Máa Ń Ṣe

Bí ẹ bá dé ilé ìwé girama tó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko ní Ẹrúnmú lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, lọ́dún 1992, ẹ ó rò pé ọjà ló tú. Ilé ìwé náà kò ní iná, kò ní omi, ìdajì fèrèsé rẹ̀ ti jábọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀gá àgbà ló pàṣẹ pé ọmọ tí kò bá ní ẹgbẹ́ yóò máa gé koríko pápá títí aago ilé yóò fi dún. Àwọn Rẹ́dì Kúrọ́ọ̀sì á máa fi aṣọ di ara wọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn eléré ìtàgé á máa ké bí ẹni tí olè ká mọ́lé, àwọn ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ á gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ.

Leah nìkan ló máa ń dá wọ kíláàsì tó kángun sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Yàrá ẹgbẹ́ díbéètì nìyẹn. Á gbé àga méjì síwájú. Á jókòó sórí ọ̀kan, á dìde, á kí adájọ́ tí kò sí níbẹ̀, á sì ṣàlàyé títí pé ìgbé ayé abúlé sàn ju ti ìlú ńlá lọ. Tó bá parí, á lọ jókòó sórí àga kejì, á dìde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó mọ̀ ọ́n bú o! Á bú ara rẹ̀ débi pé inú á bí i gidi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá jà? Aláǹgbá méjì tó wà lára ògiri kàn ń mi orí ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọlọ́runṣògo ní Ìbàdàn ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì wà, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni ìyá ń ṣe, wọn kò sì lè fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ̀, Wòlíì Olúmúyìwá, ni ìjọ Kérúbù rán wá sí Ẹrúnmú pé kí wọ́n wá jí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti ń sùn lọ. Wọ́n mú Leah dání kó lè máa se oúnjẹ fún wọn. Oúnjẹ wo? Bàbá ń fi ìdajì ọ̀sẹ̀ gbààwẹ̀, wọ́n ń fi èyí tó kù gun òkè àdúrà. Ẹnì kan ṣoṣo ni Leah ń dáná fún, òun alára.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Láti kékeré ló ti ń dìde jẹ́rìí nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, níwájú àwọn àgbààgbà. Ẹni tó bá ti wọ ilé Kérúbù rí mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó ń jẹ́rìí kì í dá a sọ. Bó bá dé ibi tó dùn, á rẹ ohùn sílẹ̀, á dúró, gbogbo ilé á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Àmín!” “Halelúyà!” Bí ìjọ bá ń tòògbé, á ké sí wọn pé, “Ẹ yin Olúwa!”, wọ́n á sì jí. Báyìí ni Leah ṣe mọ̀ ọ́n: sọ ọ́, dúró, kí wọ́n gbé ọ, kó o tún sọ òmíràn. Kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tó wá di ọmọ ẹgbẹ́ díbéètì, Mùsílímátù ló ń gbé e. Ọmọ Àlùfáà Sùnmọ́nù tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ni, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Àwọn méjèèjì ló jọ máa ń sọ̀rọ̀ fún ilé ìwé. Bí Leah bá ti sọ kókó kan tán tó dúró, Mùsílímátù á wo ilẹ̀ níbi tó jókòó sí, á rọra sọ ọ́ sábẹ́ eyín pé, “Àmín.” Leah nìkan ló máa ń gbọ́ ọ.

“Ṣé ìwọ náà ti di Kérúbù ni?” Leah bi í lọ́jọ́ kan.

“Kí ló kàn mí kan Kérúbù yín? Àmín tèmi ni mò ń ṣe. Bí mi ò bá ṣe é, ibẹ̀ lo máa dúró sí bí ọkọ̀ tí epo tán nínú ẹ̀.”

Leah rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ẹnu ló kó bá a. Lọ́jọ́ ìparí sáà kejì, níwájú gbogbo ilé ìwé, ó kan Mùsílímátù láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì fò lọ lórí rẹ̀. Ó dúró. Ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀. Ó wo Leah. Leah fò dìde, ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì kọjú sí èrò: “Ẹ má dá a lóhùn jàre! Òkú ni wọ́n ní kí n gbé wá sójú ìjà!”

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Wọ́n borí. Leah gba àtẹ́wọ́ títí, kò sì wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, Òkú ni orúkọ Mùsílímátù. “Òkú, ṣé o ti jẹun?” “Ẹ yà fún Òkú o, ó fẹ́ pọn omi!” Ó fara dà á títí sáà fi parí. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ó mú ọkọ́, ó ré kọjá sọ́dọ̀ àwọn Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ díbéètì kò pẹ́ tẹ̀ lé e. Ta ló fẹ́ jókòó kí wọ́n wá sọ òun náà di òkú? Wọ́n tún máa ń sun àgbàdo jẹ lọ́hùn-ún.

Leah kò lọ bẹ Mùsílímátù. “Àwàdà ni mo ṣe,” ló ń sọ fún àwọn aláǹgbá.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí, tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀, ni wọ́n gbé ẹgbẹ́ díbéètì kọ́ lọ́rùn nígbà tí kọ́pà tó ń bójú tó o lọ. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan.

“Leah, ta lò ń bá jà?”

“Ara mi ni, sà.”

“Ta ló ń borí?”

Leah gbójú sí àga kejì.

“Ó dáa, gbọ́ mi. Ìdíje ìjọba ìbílẹ̀ máa wáyé ní Adégbayì lọ́jọ́ kan náà yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń fẹ́ láti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí ẹnì kejì, ẹgbẹ́ rẹ wà láàyè. Bí o ò bá rí i, mo ti gba yàrá yìí fún àwọn Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́. Òjò ń pa ọkọ́ wa níta.”

“Ẹ fẹ́ fi ọkọ́ lé mi jáde, sà?”

“Ọkọ́ pọ̀, Leah. Ìwọ, ẹyọ kan ni ọ́.”

Ó gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ. Gbọ́njúbọ́lá, ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ rí i. “Ẹ wò ó, lọ́yà ti dé! Ṣé àgbàdo lo wá bá ṣe díbéètì?”

“Àgbàdo ní ọpọlọ jù ọ́ lọ, ì bá dá mi lóhùn dáadáa.” Leah kọjá lára rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ebè tí Mùsílímátù wà. “Mùsílímátù, Adégbayì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.”

“Adégbayì kì í bọ̀. Ibi tó wà náà ló wà.”

“O mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n fẹ́ ènìyàn méjì.”

Mùsílímátù nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. “Ìwọ lo sọ pé òkú ni mí, Leah. Òkú kì í ṣe díbéètì.”

Gbogbo ọkọ́ dákẹ́. Ibi tó yẹ kí “má bínú” ti jáde gan-an nìyẹn, ó sì wà lórí ahọ́n Leah, ẹ jẹ́ n má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Gbọ́njúbọ́lá ti ya ẹnu sílẹ̀, ó ń retí. Leah gbé ọ̀rọ̀ náà mì. “Màá dúró dè ọ́ lẹ́nu géètì,” ló sọ, ó sì yíjú padà bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí pé òun ti rí ẹnì kejì. Nígbà tí ọjọ́ pé tí wọ́n gbé fẹ́sípà wọn dé ẹnu géètì, Leah nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀.

“Ẹnì kejì ńkọ́?”

“Ó ti ṣíwájú wa lọ, sà.”

Gbogbo ọkọ̀ tó kọjá lójú ọ̀nà ni Leah ń yọ ọrùn wò. Ó ti pa irọ́ náà débi pé òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ gbà á gbọ́.

Gbọ̀ngàn Adégbayì kún. Wọ́n tẹ́ àga méjì méjì fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan níwájú. Leah jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé àpò rẹ̀ sórí èkejì kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ. Adájọ́, ìyá kan tó wọ gíláàsì, béèrè ẹnì kejì. Leah ní ó ń bọ̀, mà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí wo Leah, ó yé wọn pé irọ́ ni, wọ́n sì wolẹ̀. Adájọ́ ní kó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kejì kò bá dé kó tó parí, ilé ìwé rẹ̀ pàdánù.

Ó bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ta ṣánṣán. Ó sọ̀rọ̀ èéfín mọ́tò, ó sọ̀rọ̀ olè, èrò ń mi orí. Ló bá dé orí kókó tó fẹ́ràn jù, èyí tó ti sọ fún aláǹgbá lọ́pọ̀ ìgbà. Ó na ọwọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀: ní abúlé, kò sí ẹni tó ń dá wà.

Ó dúró.

Ilé pa rọ́rọ́. Àwọn èrò ń wò ó, wọ́n ń retí èyí tó kù. Leah náà ń retí. Etí rẹ̀ òsì, níbi tí àga kejì wà, ló ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó kàn wà níbì kan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wá ṣe ohun tó ti mọ̀ láti kékeré tí ìjọ kò bá dáhùn. Ó ké tòò:

“Ẹ yin Olúwa!”

Ó ṣe bí ẹni pé atẹ́gùn gan-an dúró. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan láti ẹ̀yìn dáhùn, “Halelúyàààà!” Gbọ̀ngàn bú gbàù. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ẹ̀mí gùn. “Wòlíì, ẹ ríran sí mi o!” Adájọ́ fi bébà bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Leah, tí kì í wá èsì tì, wo àpò rẹ̀ lórí àga kejì. Ó gbé e, ó jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí fi fẹ́sípà gbé e padà. Ìgbà tí wọ́n dé Ẹrúnmú ni wọ́n tó ní, “Wòlíì wà nílé?”

“Wọ́n wà lórí òkè, sà.”

“Ó dáa. Lọ jẹun.”

Ìròyìn ti wà ní ilé ìwé kó tó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìkíni rẹ̀ di “Ẹ yin Olúwa!” Kò bú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó bá yàrá rẹ̀ ní kíkún fún ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kó àga lé ara wọn sí kọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó fa ọkọ́ kan yọ, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé.

“Ẹ yin Olúwa o!” Gbọ́njúbọ́lá kígbe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbójú sókè. Leah wọ ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọkọ́ ń ta sí i lọ́wọ́. Kò ro oko rí.

“Mùsílímátù,” ó sọ ọ́ sókè, kí Gbọ́njúbọ́lá náà gbọ́ tó bá wù ú. “Mo sọ ọ́ di òkú níwájú gbogbo ènìyàn kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò ṣe é re. Má bínú.”

Ó dúró, bó ṣe máa ń dúró.

Atẹ́gùn fẹ́ ewé àgbàdo. Mùsílímátù ń ro tirẹ̀ lọ. Ó ro ó dé ìparí ebè, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu ọkọ́, ó mú ebè mìíràn padà bọ̀. Ó dé ọ̀kánkán Leah kó tó lanu.

“Leah.”

“Hẹ̀n?”

“Àgbàdo lò ń gé yẹn. Kì í ṣe koríko.”

Leah wo ilẹ̀. Àgbàdo kékeré ti sùn lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. “Èwo wá ni koríko?”

Mùsílímátù fi ẹnu ọkọ́ tọ́ka sí ọ̀kan, ó tún tọ́ka sí òmíràn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fi kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá ebè tirẹ̀ lọ. Leah náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ya ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé ọkọ́ sókè.