Ilẹ̀kùn Ààrò Oníbúrẹ́dì

Páànù méjì ti bàjẹ́ mọ́ ìyàwó ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Òun ló jogún iṣẹ́ wẹ́dà ọkọ mi, nítorí àwọn ọkùnrin ilé wa ń sá fún iná. Ilẹ̀kùn ààrò fún oníbúrẹ́dì ló ń ṣe. Bó bá ti jó irin etí rẹ̀ mọ́ ọn tán, àárín páànù á wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń ro.

"Ìyá àgbà, ẹyọ kan ló kù. Bí eléyìí bá tún wọ́, mo jáwọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn."

Mo ní kó fi àjákù páànù kan ṣe é kí n rí i. Ó gbé iná lé etí kan, ó ń wọ́ ọ lọ bí ẹni tí òjò ń lé.

"Rọra. Ta ló ń lé ẹ?"

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mú iná rí."

"N ò mú un rí lóòótọ́. Àmọ́ ogójì ọdún ni mo fi ń gbé oúnjẹ wá fún ẹni tó ń mú un, tí mo sì ń bá a jà."

Ìjà wa ni pé ọkọ mi kì í jókòó jẹun. Á jó ojú kan tí kò ju èékánná lọ, á gbé iná sílẹ̀, á jẹ òkèlè kan. Á tún lọ jó igun tó kọjú sí i, á tún jẹ òkèlè. Oúnjẹ ọ̀sán á di ti ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ọbẹ̀ mi ni ò dùn. Ó ní rárá, irin tó bá gbóná lápá kan máa ń wá ibi tó máa wú sí, òun ń dúró kó tutù ni.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n lọ wá oúnjẹ ni?"

"Jókòó. Ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá lè gba irin náà mọ́ra ni kó o tó tún jó o."

Ó há páànù tó kù mọ́ tábìlì irin tó nípọn. Ó jó igun kan, ó jókòó. Ó jó ìdàkejì, ó tún jókòó. A sọ̀rọ̀ ọmọ, a bú ọkọ rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí oòrùn yí, ó tú u, ó gbé irin gbọọrọ tó tọ́ lé e láti etí dé etí, kó lè mọ̀ bóyá ó wú. Ìmọ́lẹ̀ ò ráàyè gba abẹ́ rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì dé, a bá a gbé e lọ sílé búrẹ́dì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ààrò, ó tì í. Ó pàdé wẹ́kú.

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Èmi náà wá ìjókòó. Mo ní, "Ó yá, lọ wá oúnjẹ náà wàyí."