Ìpá Tí Fidèle Kò Ta

Fidèle Arsenault kò ta ẹṣin nípàá rí láyé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹṣin ń fà sáré ní pápá Summerside, ẹni tó bá sì fi bàtà kan ẹṣin lẹ́yìn, èébú Fidèle ni yóò fi jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé yìí, níwájú àwọn adájọ́ eré, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: kí wọ́n ṣáà gbà pé òun ta ẹṣin nípàá.

Fídíò ò kúkú gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ kúrò lórí irin tí awakẹ̀kẹ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ń fì dirodiro, ó sì ba Bella, ẹṣin rẹ̀, lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Òfin sì ní ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Doiron, adájọ́ kékeré, dá fídíò dúró. “Bàbá, ṣé ijó lẹ ń jó ni, àbí ẹ ń ta ẹṣin nípàá?”

“Ijó kẹ̀? Ṣebí o rí mi níbi ìgbéyàwó ẹ. Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n jó nìyẹn? Mo ta á.”

Lorna MacEachern, olórí àwọn adájọ́, gbójú sókè. Fidèle ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ ẹṣin láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun ló kọ́ ọ pé bí ẹṣin bá ń tiro, kó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kó má wo ẹsẹ̀ o, ojú ẹṣin ni kó máa wò.

“Bọ̀ọ̀dá Fidèle, ẹ̀yin? Bella?”

“Ojúkòkòrò ni, àbúrò.”

Ẹni tó ta ẹṣin nípàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá orí irin ló wà tàbí nínú afẹ́fẹ́, wọn yóò gba ìwé àṣẹ rẹ̀ títí ayé. Láti ìgbà òtútù ni ẹsẹ̀ òsì Fidèle ti di igi ìdáná. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

“Wọ́n á máa pè yín ní onípàá o,” ni Lorna wí.

“Kí wọ́n máa pè mí.”

Omi lé ròrò sójú Lorna bó ṣe ń kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sínú ìwé. Inú Fidèle ní tirẹ̀ ń jó, ó mọ̀ ọ́n jó ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ sí i. “Ẹ jẹ́ n lọ bẹ Bella. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni ẹ̀bẹ̀ ò ní wọ̀!”

Doiron bú sẹ́rìn-ín. Fidèle dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí akoto rẹ̀, ó padà wá mú un. Nígbà náà ni ẹ̀rín Doiron gé.

Láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà padà sórí àga, ipa ẹsẹ̀ pupa tò sórí ilẹ̀ funfun. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

“Ẹrẹ̀ ni,” ni Fidèle sáré wí. “Ilẹ̀ pupa erékùṣù wa náà ni. Màá nù ún.”

“Bàbá, òjò ò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.”

Lorna kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan bí ẹni gbé ẹsẹ̀ ẹṣin. Ìṣó tí wọ́n fi ń kan bàtà ẹṣin ti gba ìdí bàtà Fidèle wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tán, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta.

“Ìgbà wo lẹ tẹ ìṣó yìí?”

“Ìṣó wo?”

Kò tíì pa ẹnu dé tó fi mọ̀ pé òun ti kú. Lorna di orí ìṣó mú. Kò wo ẹsẹ̀. Ojú ló ń wò. Ó fà á, díẹ̀díẹ̀, ojú Fidèle kò yẹ̀. Ìṣó ti wà lórí tábìlì kó tó rántí pé ó yẹ kí òun ké.

“Yéè!” ni Fidèle kígbe.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Lorna fa ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ya, ó nawọ́ sí i.

“Ẹ mú ìwé àṣẹ yẹn wá, bọ̀ọ̀dá mi.”