Omi Tí Kò Tíì Gbó

Túnmiṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Challenge, ló sọ ọ́ fún mi: "Alhaji, ẹ jẹ́ kí omi ó gbó kẹ́ ẹ tó kó ẹja sí i." Mo bú sẹ́rìn-ín. Àgbàdo ń gbó, èèyàn ń gbó. Èmi Mansur, tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ ọ rí pé omi ń gbó.

Ó ṣe sùúrù fún mi. Ó ní ẹja òkun tí mo fẹ́ sìn kì í ṣe ẹja odò. Tí mo bá ti po iyọ̀ òkun mọ́ omi inú àpótí dígí tí mo rà, tí mo to òkúta òkun sí i, kí n tan ẹ̀rọ tó ń yí omi, kí n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí yóò wá máa gbé lára òkúta, àwọn ni yóò máa jẹ májèlé tó ń jáde lára ẹja. Etí mi gbọ́, ọkàn mi ò gbà.

Pálọ̀ ilé mi ní Basin ni mo gbé àpótí náà sí, níbi tí àlejò ò ti ní ṣàì rí i. Ìyá mi, Hàlímọ̀tù, wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìtọ́jú orúnkún ló gbé wọn wá láti abúlé, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má padà mọ́. Inú mi dùn sí wíwà wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí mo ṣe ń wọn iyọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè fún àwọn ẹja.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, àwọn tá a jọ ṣe iléèwé ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé mi. Kí wọ́n wá bá omi lásán nínú dígí? Mo gba Challenge lọ. Túnmiṣe bi mí bóyá omi ti gbó. Mo ní ó ti gbó. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Ó di ẹja méjì sínú ọ̀rá fún mi, pupa bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, pẹ̀lú ìlà funfun.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹnu ya gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹja ò jẹun. Nígbà tó di àárọ̀ Àtàlátà, ẹja méjèèjì ti léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè.

"Subhanallahi," ni ìyá mi wí. "Mo tiẹ̀ bu hàntú ife kan sí i lánàá, kí ojú ayé mọ́ baà pa wọ́n lára. Àáfà wa ló ṣe é fún mi."

Hàntú ni omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, pátákó ìkọ̀wé àáfà. Èmi náà mu ún dàgbà. Kò sí ìdánwò tí mo wọ̀ tí ìyá mi ò fún mi mu. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi.

"Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n! Ta ló ní kẹ́ ẹ da omi ìdọ̀tí sí nǹkan mi?"

Omi ìdọ̀tí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá mi dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n di ẹrù wọn, kí oòrùn tó mú, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ abúlé. Mi ò dá wọn dúró. Omi inú àpótí ni mo ń bù sínú ìgò, kí Túnmiṣe lè bá mi dá wọn lẹ́bi.

Túnmiṣe kán oògùn tó ń fi májèlé hàn sí omi náà, omi náà sì di àwọ̀ ewé ṣíṣú. "Omi ò gbó, sà. Májèlé ara àwọn ẹja fúnra wọn ló pa wọ́n." Mo bi í léèrè hàntú. Ó mi orí. "Ife kan nínú omi tó pọ̀ tó yẹn? Rárá o. Bó wà níbẹ̀, bí ò sí níbẹ̀, wọ́n á kú."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo lọ sí abúlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa ẹja, pé ohun tí mo sọ kò yẹ lẹ́nu Mùsùlùmí, ká má tíì sọ lẹ́nu ọmọ sí ìyá. Wọ́n ní ó ti tán, kí n dìde. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ padà. Wọ́n ní orúnkún àwọn ti sàn. Mo mọ̀ pé kò sàn.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ mọ́tò, wọ́n na ọwọ́ sí orí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọwọ́ náà dúró láì tíì kàn mí. Wọn ò bínú. Àyè ni wọ́n ń tọrọ, ohun tí wọn ò ṣe rí.

"Mansur," ni wọ́n wí, "ṣé mo lè ṣàdúà fún ọ?"