Ìbọ̀wọ́ Ọbabìnrin

Ẹkún Halvar Lindeskog kì í yá, kì í pẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó ti ń mú àlejò rìn ní Ìlú Àtijọ́ ní Stockholm. Yóò fi ààfin hàn wọ́n, yóò kó wọn gba ọ̀nà tóóró olókùúta, yóò sì parí rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin tí ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé ènìyàn sọdá omi láyé ọjọ́un.

Níbẹ̀, níwájú ìbọ̀wọ́ awọ kan nínú àpótí dígí, ohùn rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. “Òtútù ń pa obìnrin atukọ̀ náà lọ. Ọbabìnrin rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ló bá bọ́ ìbọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún un.” Omijé a bọ́ lójú ọ̀tún. Ojú òsì a máa dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn.

Bí ẹnìkan bá bi í pé kí ló dé tí ìbọ̀wọ́ náà fi kéré tó bẹ́ẹ̀, a ní ọwọ́ ọba kì í ṣe ọwọ́ alágbàṣe. Bí wọ́n bá bèèrè èkejì, a ní, “Ṣé kí òtútù wá pa ọbabìnrin ni?”

Òun fúnra rẹ̀ ló rí i, nígbà òtútù àkọ́kọ́ tó dé ẹnu iṣẹ́. Orí àjẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó wà láàárín gbọ̀ngàn ló bá a. Ó ṣe ìwádìí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí rẹ̀, nínú orí ara rẹ̀, ó sì gbé e sínú dígí.

Ní ọdún yìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó tóbi jù nílùú kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá ìbọ̀wọ́ náà fún àfihàn. Oṣù méjì ni Ottilia Brandel, ọ̀gá ilé náà, fi ìwé ọ̀hún sábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ṣíbí ni Halvar ń wá tó fi rí i. Kò dúró gbàṣẹ: ó fèsì, ó fi fọ́tò sí i, ó ní kí wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ó tún ra táì tuntun.

Ní aago mẹ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ṣí dígí láti gbọn eruku ìbọ̀wọ́ náà. Ó yí ẹnu rẹ̀ síta. Ó rí ọ̀já funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi òwú pupa kọ ọ̀rọ̀ sí: Annelie Frisk, kíláàsì 3B.

Ta ni kò mọ irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ ní Stockholm? Gbogbo ìyá ló ń rán an mọ́ aṣọ ọmọ kó tó lọ ilé-ìwé. Ta ni kò sì mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ tó bá já sílẹ̀, orí ọgbà tàbí òpó tó bá sún mọ́ ọn là ń fi í kọ́, kí ẹni tó ni ín lè rí i? Aláàánú kan ló fi í kọ́ orí àjẹ̀. Halvar ló gbé e fún ọbabìnrin.

Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì. Bí ó bá gé ọ̀já yẹn, ta ni yóò mọ̀? Ó ti ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ òwú. Ó wá rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rán an, kó má baà tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá tirẹ̀ ti máa ń rán an. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì lọ.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má wá mọ́.”

Kọfí dúró lágbedeméjì lọ́wọ́ Ottilia. “Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n Halvar?”

“Ọmọ ilé-ìwé ló ni ín. Èmi ni mo sọ ọ́ di ti ọbabìnrin.” Ó na ìbọ̀wọ́ náà sí i.

Ottilia mí kanlẹ̀. “Ọpẹ́ o!”

“Ọpẹ́ kẹ̀?”

“Mi ò sùn dáadáa láti oṣù méjì. Kí lẹ rò pé mo fi ìwé yẹn sábẹ́ òdòdó ṣe?”

“Ẹ mọ̀?”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo dé ni Màmá Dagny tó ń nu ilẹ̀ ti sọ fún mi. Wọ́n ní ọbabìnrin wo ló ń wọ ìbọ̀wọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?”

“Kí wá ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?”

Ottilia kọjú sí fèrèsé, bí ará ìlú yẹn ṣe ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá gbóná. “Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́? Ẹ sì tún mọ ẹkún sun.”

Ó tẹ àwọn tó ń bọ̀ láago. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dún níbẹ̀: láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí fọ́tò ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn nípa ẹni tí yóò sọ fún Halvar.

Halvar jókòó. Èjìká rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ohun tó dùn ún díẹ̀ ni pé kò tilẹ̀ ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà jáde, ó fi í kọ́ irin ẹnu ọ̀nà, ó yí orúkọ rẹ̀ síta. Bí àlejò àkọ́kọ́ ṣe dé ni ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: “Ọmọ kan ń ti ibí lọ sílé, òtútù ń pa ọwọ́ rẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ sì ti rán orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì…” Omijé bọ́ lójú ọ̀tún.

Màmá Dagny dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́. “Halvar, ti òsì ńkọ́?”