Ìjà Orí Fóòmù

"Àbúrò ìyá mi yìí, mà, ẹ má wo ikùn rẹ̀ o! Nígbà tó wà lójú ogun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbá ọkọ̀ ogun létí, ọkọ̀ náà sì bú sẹ́kún, ó sunkún títí epo inú rẹ̀ fi gbẹ. Igba ṣọ́jà ló wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Gbogbo wọn ló sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ó ní kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ná, òun kò tíì fọ ẹnu."

Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún máníjà wa nínú ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Obìnrin kúkúrú kan ni máníjà yìí, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n gbé e wá sí ilé iṣẹ́ fóòmù wa. Ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Kì í rẹ́rìn-ín. Tí o bá sọ̀rọ̀ tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín, á kàn máa wò ọ́ bí ẹni tó ń wo ìwé tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Igba ṣọ́jà," ló wí. "Nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo?"

"Wọ́n fún mọ́ra wọn ni, mà."

Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyá mi ló ń ṣọ́ géètì wa, Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ó jagun lóòótọ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọta ìbọn kan ṣì wà ní orúnkún rẹ̀ òsì títí dòní. Ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún, ikùn sì ti gorí bẹ́líìtì. Ikùn ọ̀hún tóbi débi pé tí bàbá bá fẹ́ yà sí kọ̀rọ̀ kan, ikùn á ti débẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú rẹ̀, á ti kí gbogbo ará ibẹ̀ tán. Lóṣù tó kọjá, olè kan fo ògiri wa. Bàbá lé e dé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́, èémí tán, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó nawọ́ sí olè náà, ó ní, "Dúró dè mí." Olè kò dúró.

Ìyẹn ni máníjà gbọ́ tó fi ní àwọn ọ̀dọ́ lòun máa gbà sí géètì. Ọ̀kan ti dé, Irin là ń pè é. Apá Irin kan ṣoṣo tó itan mi méjèèjì, kí n tó fi ọrùn mi kún un. Máníjà ní tí oṣù bá ti parí, kí Bàbá Ṣọ́jà kẹ́rù kúrò nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì tó ti ń gbé láti ọdún mẹ́rìnlá. Níbo ló máa lọ? Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló kù. Ìyẹn ní òun lè wá àyè fún un ní kọ́rídọ̀, láàárín fíríìjì àti ilẹ̀kùn, tí ìyàwó òun bá gbà. Ìyàwó kò tíì gbà.

Bàbá yìí ló tọ́ mi. Nígbà tí baba tó bí mi kú, owó iṣẹ́ ṣọ́jà ló fi rán mi níwèé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé mo gba ojú fèrèsé jáde ní kíláàsì karùn-ún tí mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Òun náà ló bẹ máníjà tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́ gígé fóòmù. Rédíò lorúkọ tí wọ́n sọ mí níbẹ̀, torí wọn kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹnu mi.

Máníjà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dáa. Mi ò sí lójú ogun, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Lọ́jọ́bọ̀, tí iṣẹ́ àárọ̀ bá parí, kí òun àti Irin jọ ja ìjàkadì níwájú gbogbo wa. Ẹ tẹ́ fóòmù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kán léegun. Ẹni tó bá dá ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì ló borí. Tí bàbá yín bá borí, yàrá rẹ̀ di tirẹ̀, Irin á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ṣubú, kó má dúró de òpin oṣù mọ́."

Ẹnu mi tó ń sáré bí ẹṣin dúró gbọnin. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Nígbà tí mo dé géètì, bàbá ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ro ẹjọ́ fún un. Kò gbójú sókè.

"Ta ló rán ẹ?"

"Bàámi, ọ̀rọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ wá…"

"Mo ní ta ló rán ẹ? Mo ti ń bẹ obìnrin yẹn díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló ní òun máa wò ó bóyá wọ́n lè fi mí sídìí ìwé, kí n máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá ń wọlé. Iṣẹ́ ìjókòó. Mi ò ní fẹsẹ̀ lé ẹnì kankan mọ́. Ìwọ wá lọ bá mi gbé ọkọ̀ ogun wá."

Ara mi tutù bí omi inú kòtò. Ó fún síńgílẹ́ẹ̀tì náà, ó fún un bí ẹni tó ń fún ẹnì kan lọ́rùn.

"Ó ti bọ́. Màá jà," ló wí. Ìgbà yẹn ló tó wò mí. "Ìwọ gan-an ńkọ́? Ṣé o gbà pé mo lè dá ọmọ yẹn?"

"Háà, Bàámi! Ẹ̀yin tí ẹ lè gbé òkè kan ka orí òmíràn, kí ẹ tún jókòó lé e!"

"Mi ò bi ẹ́ ní ti òkè. Ọmọ yẹn ni mo ń bi ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni mo fi dá a lóhùn. Ó da omi ọṣẹ nù, ó wọlé lọ.

Ká má purọ́, mi ò gbà. Lọ́jọ́rú, nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo lọ bá Irin lẹ́yìn ẹ̀rọ iná. Mo ti gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan ní òdìkejì títì, orí sìmẹ́ńtì ló sì ń sùn.

"Mo fẹ́ fún ẹ ní fóòmù ínṣì mẹ́jọ. Odidi," ni mo wí.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"O máa ṣubú lọ́la ni. Lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n má tètè ṣubú o, kí ojú wọn má baà là. Fi agbára hàn wọ́n díẹ̀. Tí mo bá ti wúkọ́, kí o ṣubú. Tí mo bá tún wúkọ́, kí o tún ṣubú."

"Kí n wá di ọmọ iṣẹ́ bàbá arúgbó?"

"Tó o bá délé, orí ínṣì mẹ́jọ lo máa ti máa bínú."

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Ínṣì mẹ́wàá," ló wí. A fẹnu kò sí mẹ́wàá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gé e, mo ti fi í sábẹ́ àwọn àjákù tí ọkọ̀ ń kó dà nù, fóòmù sì ti dé yàrá Irin kó tó di pé Irin fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, a to fóòmù ńláńlá mẹ́jọ papọ̀ ní àárín gbọ̀ngàn, ó ga dé orúnkún. Gbogbo òṣìṣẹ́ pé. Ìyá Aránṣọ, olórí àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ fóòmù, ti mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́.

"Bàbá Ṣọ́jà, ẹ jẹ́ kí n wọn yín ná! Tí ẹ bá ṣubú tán tí ẹ ò dìde, a máa kàn rán aṣọ bò yín ni, ká gbé yín tà!"

Bàbá bọ́ bàtà, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé Ìyá Aránṣọ lọ́wọ́. "Bá mi di èyí mú. Mi ò ní pẹ́."

Irin fò sókè, fóòmù jù ú sókè padà bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ní tirẹ̀, ọwọ́ ló fi gbé orúnkún òsì rẹ̀ lé orí fóòmù, ẹ̀rín bẹ́. Nígbà tó dúró tán, fóòmù gbé e mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ya ẹsẹ̀, kò mira mọ́.

Èmi tí mo ti ń gé fóòmù fún ọdún mọ́kànlá, mi ò ronú kàn án rí. Ẹni tó fúyẹ́, tó ń sáré lórí fóòmù, ṣe ni fóòmù á máa jù ú kiri. Ẹni tó wúwo, tó dúró jẹ́ẹ́, fóòmù á dì í mú bí ìgbà tí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀.

Irin sáré sí i. Mi ò tíì wúkọ́ o. Bàbá kàn yí ìbàdí ni, ó fa apá ọmọ náà síwájú, Irin sì kọjá lórí itan rẹ̀, ó fẹ̀yìn balẹ̀ gbì. Irin wojú mi. Mo mi orí sí i pé, èmi kọ́ o, mi ò tíì ṣí ẹnu.

Ó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti gbàgbé fóòmù, ó ti gbàgbé àdéhùn. Ó rọ̀ mọ́ ikùn bàbá, ó sì ń tì. Wọ́n ti ara wọn títí. Èémí bàbá ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, orúnkún òsì rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo wúkọ́. Irin kò ṣubú. Mo tún wúkọ́, mo wúkọ́ bíi ti ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe, mo wúkọ́ débi pé ẹnì kan bu omi fún mi. Irin kò tilẹ̀ gbọ́, ó ń tì í lọ ni. Ni orúnkún bàbá bá yẹ̀, ọmọ náà sì gbé gbogbo ara lé e. Àṣé bàbá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó yẹ̀ ni. Ó jókòó wọ̀ọ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé Irin sókè, ó dà á sẹ́yìn orí ara rẹ̀.

Ariwo sọ! Ìyá Aránṣọ ju ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Bàbá nà gbalaja sórí fóòmù, ojú rẹ̀ ń wá mi kiri láàárín èrò. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ rí láti kékeré mi.

Máníjà yọ awò ojú. "Ó dáa. Yàrá di tiyín, bàbá."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn èrò kò fi Irin sílẹ̀.

"Irin dípẹtà!"

"Irin tí arúgbó fi ẹsẹ̀ kan ṣẹ́!"

Ara Irin kò gbà á. Ó bú jáde: "Ẹ rò pé ó dá mi ni? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni! Rédíò ló ní kí n ṣubú, ó fún mi ní fóòmù!"

Mo rẹ́rìn-ín kàkà. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Orí ló fi gbálẹ̀, ẹ fún un lómi."

"Níbo ni fóòmù náà wà?" ni máníjà bi í.

Ọkùnrin méjì sọdá títì, wọ́n gbé e wá lórí. Ọkàn mi balẹ̀, fóòmù kò lẹ́nu. Máníjà ní kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwa tí a ń gé fóòmù, tí a bá gé e tán, a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí tó bá wọ́. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Mo jí fóòmù, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà mi sí i lára gàdàgbà, mo tún fa ìlà sí i nídìí.

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ síbẹ̀, mà. Afẹ́fẹ́ àná yẹn, ó gbé màlúù mẹ́ta kọjá níwájú mi báyìí…"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ sí i?" ni máníjà bi í.

"Mi ò mọ̀," ni bàbá wí. Ó ti jókòó sétí fóòmù, èémí kò tíì jẹ́ kó lè wọ bàtà.

"Ta ló máa gbà yín gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ géètì wá."

Ìyá Aránṣọ ju ṣẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Àṣé eré lẹ fi wá ṣe," ló wí, ó sì yíjú.

"Ẹ jẹ́ ká tún un jà," ni bàbá wí. "Nísinsìnyí. Ẹ ní kí ọmọ náà máa bọ̀." Ó fẹ́ dìde. Orúnkún kọ̀. Ó tún gbìyànjú, orúnkún tún kọ̀. Irin ń wolẹ̀. Irin mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Ni bàbá bá kọjú sí mi. "Ìwọ sọ fún wọn. Ìwọ lo mọ̀. Sọ fún wọn pé mo dá a."

Mo lanu. Mo ní, "Ó dá a! Mo fi Ọlọ́run búra! Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò tíì wúkọ́! Ìgbà kejì, mo wúkọ́, mo wúkọ́, kò ṣubú! Bàbá ló dá a fúnra rẹ̀!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in débi pé àwọn kan dì mọ́ ògiri. "Ó wúkọ́!" ni wọ́n ń wí. "Rédíò ní òun wúkọ́!" Máníjà pàápàá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti ń wá lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Bàbá nìkan ni kò rín. Ó ń tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní bẹ́líìtì, kò sì wò mí mọ́.

"Ẹ pe ọlọ́pàá fún eléyìí," ni máníjà wí. Irin gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mi ò dúró de ìkejì. Mo gba àárín àwọn ẹ̀rọ ìgéfóòmù, mo bẹ́ lórí àjákù, mo dé géètì, wọ́n tì í pa. Mo gùn ún. Irin ṣóńṣó tó wà lórí géètì fa ṣòkòtò mi ya láti ìbàdí dé itan, mo já sí títì, mo sá.