Bàbá Mélòó Lo Ní?

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kíláàsì, níbi tí Tíṣà Adépẹ̀gbà fi mí sí nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Irùngbọ̀n mi ti funfun. Yunifọ́ọ̀mù kàkí náà ṣì bá mi mu.

Wọ́n ti ilé ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà pé àìsàn bàbá mi ti burú, pé bàbá ń pè mí. Òfin ilé-ìwé wa sì ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó bá fẹ́ tọrọ àyè gbọ́dọ̀ fi tọrọ rẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Mai fádà, dé à kọ́lìn mí."

Tíṣà ní, "Dé? Bàbá mélòó lo ní?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní hí ni ti ẹnì kan, dé ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí n ó fi pe bàbá mi ní hí. Mo mọ hí. Hí ni ó. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tó bí i ní ó. Mi ò sọ ọ́. Kí agogo ìjáde tó lù, bàbá mi ti kú.

Mi ò padà sí ilé-ìwé mọ́, àfi lójú àlá báyìí. Tíṣà ń sọ kiri ìlú títí òun náà fi kú pé Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ ni kò yé òun, pé ká ní ó yé òun ni, òun ì bá ti jẹ́ kí n lọ. Mi ò dé ibi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ óò rí i pé òun nìkan ni àgbà tí mo ń pè ní ó. Ó fẹ́ kí n mọ hí lò. Òun ni mo ń lò ó fún.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ Hí fúnra rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ó sì ń yán bí ẹṣin. Dé nìkan ló gba gbogbo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń kó èèpo rẹ̀ sápò. À àti Ísì, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ wọn, ti lọ pọnmi fún ìyàwó tíṣà. Ṣọ́ọ̀kì ń dá kọ̀wé sára pátákó, pátákó sì ní kó rọra, pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Fẹ̀hìntọlá, tí a jọ ń jókòó nígbà náà, ti di arúgbó, eyín rẹ̀ ti ká. Ó ní, "Bàbá Méjì! Eékún ò tíì dùn ẹ́ ni? Sọ hí, ká lọ jẹun."

Mo ní, "Lọ sọ ọ́ fún bàbá tìrẹ."

Ó ní bàbá òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ògiri kan ti di ògiri yàrá bàbá mi, pẹ̀lú ìṣó tí wọ́n máa ń fi fìlà kọ́. Ẹní wọn wà lábẹ́ tábìlì tíṣà, mo sì gbọ́ ikọ́ wọn níbẹ̀. Mo fẹ́ rá lọ, ṣùgbọ́n eékún mi ti ta gbòǹgbò. Ilẹ̀ ní òun ò láṣẹ láti tú mi sílẹ̀, kí n bi tíṣà.

Tíṣà wọlé. Owú tí wọ́n fi sin ín ṣì wà nímú rẹ̀. Ó ní, "O ò tíì sọ ọ́?"

"Mi ò ní sọ ọ́."

"Kí ni kí n ṣe? Ohun tó o sọ ni kò yé mi."

Gbogbo kíláàsì gbè é bí orin ẹ̀kọ́: "Kò yé e! Kò yé e!"

Bàbá mi jáde lábẹ́ tábìlì. Wọ́n gbọn ẹní, wọ́n ká a, wọ́n fi há abíyá. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú àtijọ́."

Bàbá mi wo ẹ̀yìn, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́. "Ta lò ń kí, Adépẹ̀gbà? Èmi àti ta ni?"

Dé dáwọ́ ẹ̀pà jíjẹ dúró.

Bàbá mi ní, "Mo ránṣẹ́ pe ọmọ mi. Mo retí rẹ̀ títí, ẹ̀mí ò lè dúró mọ́. Kí ló dá a dúró?"

Tíṣà la ẹnu láti fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ló ń tú jáde. Ó wá fi Yorùbá kùn sínú ilẹ̀.

Bàbá mi ní, "Sọ ọ́ sókè. Etí mi ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀."

Tíṣà gbé orí sókè, ó kígbe rẹ̀:

"Èmi ni mo dá a dúró, sà. Ó ní ẹ̀ ń pe òun. Ó yé mi. Bó ṣe lanu báyìí ló ti yé mi."