Gbólóhùn Tí Dókítà Tostrud Fọwọ́ Sí

"Fọwọ́ sí i, Darla, kí gbogbo wa lè ráyè lọ jẹun."

Dókítà Tostrud ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìka kan ti bíírò sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Agbẹjọ́rò tó jókòó tì í, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Blaylock, tún etí ìwé náà tò kó lè dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ilé ìwòsàn náà ń lò ló rán an wá. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi wo eyín.

Darla Vondracek kò fọwọ́ kan bíírò. Ọdún mọ́kànlá ló ti jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà nílé ìwòsàn kékeré yìí, láàárín oko àgbàdo Iowa. Òun ló ń yẹ aláìsàn wò, òun ló ń kọ oògùn, òun ló ń rán ojú ọgbẹ́, dókítà á wá fọwọ́ sí ohun tó kọ. Èmi tí mò ń sọ ohun tí Darla padà ròyìn fún mi yìí, tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àká bí mo bá fẹ́ dìde, ọwọ́ Darla ni mo ti ń gba ìtọ́jú láti ọdún mọ́kànlá náà. Ó ti sọ fún mi lójú ara mi pé kì í ṣe orúnkún ló ṣẹ̀, ìdí ràgàjì tí mo gbé lé e lórí ni. Kò purọ́.

"Kí ló wà nínú ìwé yìí gan-an?" Darla bèèrè.

"Ohun kékeré ni, mà," Blaylock dáhùn. "Merle Hochstetler ti pè wá lẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ san nǹkan fún un kó parí síbẹ̀. Ẹ̀yin kàn máa gbà pé ẹ̀yin nìkan lẹ yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé ẹ ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dókítà létí. Ó tán."

"Orúkọ mi á sì wọ ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣọ́ àwọn oníṣègùn."

"Ó... bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ sanwó ló ń wọ ibẹ̀."

"Ìwé yẹn náà ni ilé ìwòsàn yòówù tó bá fẹ́ gbà mí síṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣí wò."

"Ta ló lé ẹ?" Dókítà Tostrud já lu ọ̀rọ̀ náà. "Ibí lo wà. Ibí náà lo máa wà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó so adìẹ mọ́ ẹsẹ̀ àga, tó tún ń sọ fún un pé ilé ló wà.

Oṣù Kẹta ni Merle wá, tòun ti bàtà oko rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó gbóná. Bí Darla ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló ti fura pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Ó sáré bá dókítà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n rán ọkùnrin náà lọ sí ìlú ńlá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. "Merle kẹ̀?" ni dókítà wí. "Tirakítọ̀ ló gùn jù. Fún un lóògùn ìrora, kó máa lọ sílé." Inú Darla sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó padà wọlé, ó fún Merle lóògùn. Èyí tó burú jù ni pé kò kọ ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ dídì náà já, ó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Merle kò kú. Ṣùgbọ́n kó tó ti ẹnu ilẹ̀kùn dé àká rẹ̀ báyìí, á jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń wa tirakítọ̀.

"Dókítà, mo sọ fún yín lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀," Darla ní.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo? Ibo lo kọ ọ́ sí? Ohun tí a kò kọ, kò ṣẹlẹ̀. Àbí ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Mi ò rí Merle sójú lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni kó o gbé e. Mi ò ní fi orúkọ ọgbọ̀n ọdún bo ìdí ẹ."

"Ìdí tèmi? Tiyín ló ti wà níta láti ọdún mọ́kànlá, èmi ni mò ń fi aṣọ bò ó!"

Blaylock wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Agbẹjọ́rò tiyín náà ni mo jẹ́. Ìwé adójútòfò kan náà ló bo ẹ̀yin méjèèjì."

"Ìbora kan náà ló bò wá, òtútù wá ń pa èmi nìkan."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ra adójútòfò tirẹ̀, nítorí olùkọ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé kó má fara sábẹ́ agboòrùn ẹni tó ga jù ú lọ: bí òjò bá dé, orí onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ bò. Lọ́dọọdún tó bá tún ìwé náà ṣe ni ọkọ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ eku ló ń kó sínú dúrọ́ọ̀.

"Mo ní tèmi," Darla wí. "Agbẹjọ́rò tèmi wà ní Des Moines, ó ti ka gbogbo fáìlì. Ó ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan."

Ojú dókítà le. "O lọ ra ìwé lẹ́yìn mi? Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ṣe fún ẹ? Ejò!"

"Ejò tó ń ṣọ́ ibí lọ́jọ́ Ẹtì kí ẹ lè lọ pẹja."

Ó tẹ́ ìwé kejì sórí tábìlì, àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí Merle wá. Ó fi èékánná fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì kà á sókè: "Èmi, Dókítà Lyle Tostrud, fojú ara mi wo aláìsàn yìí pẹ̀lú amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì fara mọ́ ìtọ́jú tó fún un."

Kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ gbólóhùn yẹn. Inú kọ̀ǹpútà ló wà bí oúnjẹ tí wọ́n ti sè sílẹ̀. Bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, kí dókítà tó lọ pẹja, á fi ọwọ́ òsì mú búrẹ́dì ẹlẹ́ran, á máa fi ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì, gbólóhùn náà á sì lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ gbogbo aláìsàn ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tí dókítà bá fojú ara rẹ̀ wò, ìjọba á san owó ìtọ́jú rẹ̀ fún ilé ìwòsàn ní pípé. Ẹni tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ bá dá wò, wọ́n á gé e kù.

"Ìbéèrè kan péré ni agbẹjọ́rò mi ní kí n bi yín," Darla wí. "Ṣé ẹ rí Merle, àbí ẹ ò rí i? Tí ẹ bá rí i, a jọ ṣì í ni. Tí ẹ ò bá rí i, kí lẹ ti ń sọ fún ìjọba láti ọjọ́ yìí?"

"Dókítà, ẹ má dáhùn," Blaylock sọ kíá. Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ padà sínú àpò.

"Ṣé o ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi kàn kà á ni. Ohun tí a kọ, ó ṣẹlẹ̀."

"Ọwọ́ tìẹ wá mọ́, àbí?"

Ohùn Darla wálẹ̀. "Kò mọ́. Inú mi sọ fún mi, mo sì gbọ́ tiyín, mo rán àgbàlagbà lọ sílé. Ìyẹn jẹ́ tèmi, màá sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú adájọ́. Tiyín ni mi ò ní bá yín gbé."

"O ò ní ṣiṣẹ́ níbí mọ́ láti òní lọ."

"Mo mọ̀." Ìgbà yẹn ló tó mú bíírò náà. Ó fi lé dókítà lọ́wọ́. "Aláìsàn mẹ́fà ló ń dúró níta. Ẹ lọ fojú ara yín wò wọ́n."

Èmi ni ẹnì kẹta lórí ìlà. Mo rí Darla tó kọjá pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó jáde lọ. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ìdí mi kúrò lórí àga pẹ̀lú àdúrà, mo sì wọlé. Dókítà Tostrud wò mí títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "kí lorúkọ yín?"

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fọwọ́ sí i pé òun rí mi.